Lẹ́tà Kan Ṣoṣo: Bí A Ṣe Ń Ka Kòkòrò Àrùn Bí Ìwé

Kò sí ẹni tó dàgbà jù fún ìwé.

Ní ọjọ́ kan, nígbà tí a parí ẹ̀kọ́ ní abúlé kan, ìyá kan dìde. Ó ní: «Olùkọ́, ẹ má bínú o. Wọ́n ti kán òògùn àjẹsára sí ọmọ mi lẹ́nu lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn tó ń ti ilé dé ilé tún dé lánàá. Wọ́n ní kí n gbé e wá. Ṣé òògùn ti tẹ́lẹ̀ kò ṣiṣẹ́ ni?»

Bàbá kan fi kún un. Ó ní: «Èmi gbọ́ pé òògùn yẹn fúnra rẹ̀ lè sọ ọmọ di arọ. Ṣé òótọ́ ni, àbí irọ́ ni?»

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè àgbà ni ìbéèrè méjèèjì yìí. A kì í fi ìdáhùn ọmọdé dá àgbà lóhùn. Nítorí náà, a ó sọ òótọ́ lónìí, a ó sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kà ni ọ̀rọ̀ náà yóò yé jù, nítorí pé ọ̀rọ̀ lẹ́tà ni.

Ìwé tí kò ní ju lẹ́tà mẹ́rin lọ

Àrùn tí à ń sọ ni àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní pólíò. Kòkòrò kan ló ń fà á. Kòkòrò yìí wà lára irú àwọn tí a ń pè ní fáírọ́ọ̀sì. Ó kéré púpọ̀. Bí a bá tò ó ní ìlà kan, nǹkan bí 30,000 ni yóò gba ibi tí kò ju mìlímítà kan lọ.

Fáírọ́ọ̀sì kò ní ẹnu, kò ní ikùn, kò ní ọwọ́, kò ní ẹsẹ̀. Kò lè dá bímọ. Kí ló wá jẹ́? Ìwé kékeré kan ni, tí a ká sínú àpò kan. Kò tún sí nǹkan mìíràn.

Lẹ́tà mẹ́rin péré ni a fi kọ ìwé náà. Àwọn onímọ̀ ń pe lẹ́tà mẹ́rin yìí ní A, C, G àti U. Kì í ṣe yíǹkì ni a fi kọ wọ́n o. Nǹkan mẹ́rin ni wọ́n, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, tí wọ́n tò tẹ̀léra bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn. Ìwé kòkòrò pólíò gùn tó nǹkan bí lẹ́tà 7,440. Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹnìkan lórí fóònù, tí ẹ ń kọ lẹ́tà 160 sínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ 47 ni ẹ ó fi ránṣẹ́. Gbogbo ohun tó ń sọ ọmọ di arọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Báwo ni a ṣe ń ka ìwé náà? Mẹ́ta mẹ́ta ni a ń kà á. Lẹ́tà mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ kan. Bí lẹ́tà bá jẹ́ mẹ́rin, tí a sì ń mú wọn ní mẹ́ta mẹ́ta, ọ̀rọ̀ 64 ni a lè rí. Ẹ lè fi pẹ́ńsù gbìyànjú rẹ̀ wò: 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16; 16 lọ́nà 4 jẹ́ 64. AUG túmọ̀ sí «ẹ bẹ̀rẹ̀ níbí». UAA, UAG àti UGA túmọ̀ sí «ẹ dúró». Àwọn ọ̀rọ̀ tó kù ń sọ irú ìlẹ̀kẹ̀ tí ó yẹ kí a sín tẹ̀ lé èyí tó wà níwájú. AUG pàápàá ní ìlẹ̀kẹ̀ tirẹ̀. Irú ìlẹ̀kẹ̀ 20 ló wà. Láti ara ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín báyìí ni a ti ń mọ àpò kòkòrò náà àti àwọn irinṣẹ́ rẹ̀.

Ní 1961, Marshall Nirenberg àti Heinrich Matthaei, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n kọ́kọ́ mọ ìtumọ̀ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà. UUU ni. Títí di 1966, wọ́n ti mọ ìtumọ̀ gbogbo wọn. Ní 1981, àwọn onímọ̀ ka ìwé kòkòrò pólíò tán, láti lẹ́tà àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn. Ẹ̀yin náà mọ bí inú ènìyàn ti ń dùn tó ní ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ ka ìwé kan tán.

Ẹ̀rọ tó ń ṣe ohun tí a bá kọ

Ta ló ń ka ìwé fáírọ́ọ̀sì? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ti wọlé.

Ẹ ti gbọ́ orúkọ kọ̀ǹpútà. Fóònù tí ẹ fi ń pe ọmọ yín ní Kútọnu, kọ̀ǹpútà kékeré ló wà nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà jẹ́ ẹ̀rọ tó ń ka àṣẹ tí a kọ sínú rẹ̀, tó sì ń ṣe é. Àmì méjì péré ni òun ń kà: òdo àti oókan, 0 àti 1. Bí a bá fẹ́ kí ó mọ lẹ́tà A, 01000001 ni a ń kọ fún un. Àmì méjì yìí ni a fi ń kọ orin sínú rẹ̀, òun náà ni a fi ń kọ àwòrán, òun náà ni a fi ń kọ owó tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí fóònù.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò ní làákàyè. Kì í bi àṣẹ pé «ta ló rán ọ?» Ohun tó bá kà ló ń ṣe. Bí ẹni burúkú bá kọ àṣẹ búburú sínú rẹ̀, yóò ṣe é bí ẹni pé olówó rẹ̀ ló pa á láṣẹ. Ní 1984, Fred Cohen, ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa irú àṣẹ kan tó ń mú kí kọ̀ǹpútà máa da àṣẹ náà kọ, kí ó sì máa tàn án kálẹ̀ sínú iṣẹ́ mìíràn. Orúkọ tí wọ́n fún irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn dókítà ni wọ́n ti yá a. Wọ́n pè é ní fáírọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé fáírọ́ọ̀sì mú kọ̀ǹpútà, kì í ṣe ibà ló ń ṣe é o. Àṣẹ tí kò yẹ ló ń kà.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ara wa rí. Yàrá kéékèèké ló kún inú ara wa. Sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè wọ́n. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, àwọn òǹkàwé wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa ka àṣẹ ara, kí wọ́n sì máa sín ìlẹ̀kẹ̀. A, C, G àti U ni a fi kọ àṣẹ tí àwọn náà ń kà. Irú lẹ́tà kan náà ni! Nítorí náà, bí ìwé fáírọ́ọ̀sì bá wọlé, wọn kò mọ̀ pé ìwé àlejò ni. Ó dà bí ìgbà tí olè jí òǹtẹ̀ ọba, tó sì fi lu ìwé irọ́. Àwọn ìránṣẹ́ rí òǹtẹ̀, wọ́n sì ń ṣe ohun tí ìwé wí. Kí ni ìwé pólíò ń wí? Ó ń wí pé: «Ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀. Ẹ dà mí kọ. Ẹ tún dà mí kọ.» Sẹ́ẹ̀lì á máa dà á kọ títí yóò fi bẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀dà á sì tú jáde lọ sínú sẹ́ẹ̀lì mìíràn.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé nǹkan méjì tí wọ́n fi yàtọ̀. Èkíní, ènìyàn ló ń kọ àṣẹ kọ̀ǹpútà. Kò sí ẹni tó jókòó kọ ìwé pólíò. Èkejì, bí kọ̀ǹpútà bá da nǹkan kọ, bákan náà ni ẹ̀dà àti ìwé àkọ́kọ́ sábà máa ń rí. Ní ti fáírọ́ọ̀sì, àṣìkọ pọ̀. Orí àṣìkọ yìí ni ọ̀rọ̀ wa òní dá lé.

Àṣìkọ

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ mọ ohun tí àṣìkọ lè dá sílẹ̀. Obìnrin kan ní oko fẹ́ kọ ìwé sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìlú ńlá. Ó fẹ́ kọ pé: «Ẹ bá mi ra ọkọ́ kan.» Ọkọ́ tí a fi ń ro oko ni. Ó gbàgbé àmì orí lẹ́tà tó kẹ́yìn. Ó kọ pé: «Ẹ bá mi ra ọkọ kan.» Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní: «Áà! Ṣé ọjà ni wọ́n ti ń ra ọkọ ni?» Àmì kan ṣoṣo ló jábọ́, ọ̀rọ̀ sì di ẹ̀rín.

Irinṣẹ́ tí fáírọ́ọ̀sì fi ń da ara rẹ̀ kọ ń kánjú. Bí ó bá kọ nǹkan bí lẹ́tà 10,000, ó ṣeé ṣe kí ó ṣi ẹyọ kan kọ. Ìwé pólíò jẹ́ nǹkan bí lẹ́tà 7,440. Ẹ rí i pé ẹ̀dà púpọ̀ ni yóò ní àṣìkọ kan nínú.

Ọ̀pọ̀ àṣìkọ ń ba ìwé jẹ́ ni. Ẹ̀dà náà á kú, a ó sì bọ́. Àwọn mìíràn kò yí ìtumọ̀ padà. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan lè bọ́ sí ibi tó fún kòkòrò náà lágbára. Ẹ̀dà yẹn ni yóò ní ọmọ jù.

Kòkòrò tí a sọ di ọ̀lẹ

Ẹ jẹ́ ká wá sí orí òògùn. Pólíò máa ń wọlé láti ẹnu. Ó ń gbé inú ìfun, ó sì ń bá ìgbẹ́ jáde. Ìgbẹ́ á dé inú omi, á dé ara ọwọ́, á tún dé ẹnu ọmọ mìíràn. Nínú ọmọ 200 tí ó wọ̀ lára, nǹkan bí ẹyọ kan ni apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ títí ayé. Àwọn 199 yòókù lè má mọ̀ pé àwọn ní i, síbẹ̀ wọ́n ń tàn án kálẹ̀. Ìdí nìyí tí a kò fi lè fi ojú mọ ẹni tó ní i.

Ní 1955, ní Amẹ́ríkà, wọ́n gba òògùn Jonas Salk láyè. Abẹ́rẹ́ ni. Kòkòrò tó ti kú ló wà nínú rẹ̀. Ìwé tí a ti ba jẹ́ ni. Kò sí ẹni tó lè dà á kọ mọ́. Lẹ́yìn náà ni Albert Sabin ṣe òògùn tí a ń kán sí ọmọ lẹ́nu. Kòkòrò tó wà láàyè ló wà nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n a ti sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Ó ń gbé inú ìfun ọmọ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó ń kọ́ ara bí a ṣe ń bá pólíò jà, kò sì lágbára láti ba iṣan ẹ̀yìn jẹ́.

Sabin kò mọ lẹ́tà tó sọ kòkòrò náà di ọ̀lẹ. Kò sí ẹni tó lè kà á nígbà yẹn. Lẹ́yìn tí wọ́n ti kà á ni wọ́n tó rí i. Oríṣi pólíò mẹ́ta ló wà. Nínú oríṣi kejì, lẹ́tà díẹ̀ ló fi ọ̀lẹ yàtọ̀ sí alágbára. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni lẹ́tà 481. Nínú kòkòrò tó lágbára, G ló wà níbẹ̀. Nínú ti Sabin, A ni. Ibi tí lẹ́tà yìí wà, kì í ṣe ibi tí a ti ń sọ irú ìlẹ̀kẹ̀ tí a ó sín. Nǹkan bí lẹ́tà 740 ló wà níwájú AUG. Wọ́n dà bí ọ̀rọ̀ àkọ́sọ tó ń sọ bí iṣẹ́ yóò ṣe yá tó. Bí a bá fi A sí ipò G níbẹ̀, iṣẹ́ á falẹ̀.

Òògùn yìí ti ṣe iṣẹ́ ńlá. Ní 1988, nǹkan bí ọmọ 350,000 ni pólíò ń sọ di arọ lọ́dún, ní orílẹ̀-èdè tó ju 125 lọ. Ní 1999 ni a rí oríṣi kejì ti inú ìgbẹ́, èyí tí kò ti ara òògùn wá, kẹ́yìn láyé. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ 2020, wọ́n kéde pé pólíò ti inú ìgbẹ́ ti tán ní ilẹ̀ Áfríkà. Pakísítànì àti Afugánísítànì nìkan ni kò tíì kúrò rárá.

Ìdáhùn fún bàbá

Bàbá, ẹ béèrè bóyá òògùn náà lè sọ ọmọ di arọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín.

Kòkòrò inú òògùn ń bá ìgbẹ́ ọmọ jáde. Ní abúlé tí gbogbo ọmọ ti gba òògùn, kò rí ilé mìíràn wọ̀. Ó kú síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ní abúlé tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò gbà á, ó ń wọ ara ọmọ kan, ó ń bọ́ sára òmíràn, oṣù dé oṣù. Ní gbogbo ìgbà yẹn, wọ́n ń dà á kọ. Wọ́n ń ṣì í kọ. Lọ́jọ́ kan, A tó wà ní ipò 481 á padà di G. Àṣìkọ mìíràn á tún kún un. Ọ̀lẹ á padà di alágbára.

Nítorí náà, òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí ẹ gbọ́. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀. Ẹ wá gbọ́ èyí tí wọn kò sọ fún yín. Nígbà tí kòkòrò náà bá ti yí padà báyìí, tó sì ń jà kiri, ọmọ tí kò gba òògùn, tàbí tí kò gbà á tó, ni ó ń mú jù. Kì í ṣe òògùn tó pọ̀ jù ló fà á. Òògùn tí kò kárí ló fà á. Ẹni tó bá fi ọmọ pa mọ́ nítorí ẹ̀rù òògùn, ó ń pèsè ilé fún ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Àwọn àgbà ní, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí kò gba òògùn ní agboolé kan. Ọ̀rọ̀ gbogbo àdúgbò ni.

Lẹ́tà a máa sọ ibi tó ti wá

Báwo ni a ṣe mọ gbogbo èyí? Nípa kíkà ni.

Apá kan wà nínú ìwé pólíò tó jẹ́ nǹkan bí lẹ́tà 900. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé, ní apá yìí, nǹkan bí lẹ́tà mẹ́sàn-án ló ń yí padà lọ́dún kan. Ó dà bí ìlà tí a ń fà sára ògiri láti ka oṣù. Bí lẹ́tà mẹ́sàn-án bá ti yàtọ̀ sí ti òògùn, a mọ̀ pé kòkòrò náà ti ń rìn kiri fún nǹkan bí ọdún kan. Ní ti oríṣi kejì, bí lẹ́tà mẹ́fà bá ti yàtọ̀, a ti kà á sí èyí tó yí padà.

Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Wọ́n ń kọ lẹ́tà kòkòrò tí wọ́n rí sínú rẹ̀, ó sì ń fi wé ti gbogbo ibi tí wọ́n ti rí irú rẹ̀ rí. Bí ẹ bá rí ìwé méjì tó ní àṣìkọ kan náà ní ibì kan náà, ẹ mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan wo ti èkejì.

Ní 2019, wọ́n rí pólíò oríṣi kejì tó ti yí padà ní Benin wa níhìn-ín, wọ́n sì rí i ní Tógò. Wọ́n ka lẹ́tà rẹ̀. Wọ́n rí i pé ẹ̀yà èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Jigawa ní Nàìjíríà ní 2018 ni. Ẹ wo bí ibẹ̀ ti jìnnà tó! Kòkòrò kì í gba ìwé ìrìnnà. Ó bá àwọn ènìyàn rìn ni. Ní Màláwì, ọmọ kan rọ ní ẹsẹ̀ ní òpin 2021. Nígbà tí wọ́n ka lẹ́tà kòkòrò náà, ó fara jọ ti Pakísítànì. Bí kì í bá ṣe lẹ́tà, ta ni ìbá mọ̀?

Wọ́n tún ìwé náà kọ

Ẹni tó bá mọ ìwé kà, bó pẹ́ bó yá, yóò mọ̀ ọ́n kọ. Ní 2002, Eckard Wimmer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York kéde pé àwọn ti wo lẹ́tà pólíò tí a kọ sílẹ̀, àwọn sì ti fi tò kòkòrò náà láti orí òdo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í da ara rẹ̀ kọ. Ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì tọ́ kí ẹ̀rù bà wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tó ń ṣá ni lọ́wọ́ náà ni a fi ń gé iṣu.

Nígbà tí wọ́n rí i pé òògùn oríṣi kejì ń yí padà ní ibi tí kò kárí, wọ́n kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò nínú òògùn àkánsẹ́nu ti gbogbo ayé, ní oṣù kẹrin 2016. Lẹ́yìn náà, àwọn onímọ̀ jókòó ti ìwé náà, bí ẹni tó ń ṣe àtúnṣe sí àṣẹ kọ̀ǹpútà. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ṣe.

Èkíní: wọ́n yí ọ̀pọ̀ lẹ́tà padà ní àyíká lẹ́tà 481. Tẹ́lẹ̀, àṣìkọ kan ṣoṣo tó láti ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Nísinsin yìí, kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ ti pọ̀. Ó di ìgbà tí ọ̀pọ̀ àṣìkọ bá pàdé.

Èkejì: nígbà mìíràn, bí fáírọ́ọ̀sì méjì bá pàdé nínú sẹ́ẹ̀lì kan, ọ̀kan lè gba ojú ìwé lọ́wọ́ èkejì. Pólíò ọ̀lẹ lè ju ọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀ nù, kí ó sì gba ti alágbára. Wọ́n bá mú apá kan tí kòkòrò náà kò lè ṣe aláìní, wọ́n gbé e wá sínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ. Bí ó bá ju ọ̀rọ̀ àkọ́sọ náà nù, ó ti ju nǹkan pàtàkì nù nìyẹn.

Ẹ̀kẹta: wọ́n tún irinṣẹ́ adàwékọ rẹ̀ ṣe, kí àṣìkọ rẹ̀ lè dínkù.

Òògùn tuntun yìí ni wọ́n ń pè ní nOPV2. Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i fún lílò ní pàjáwìrì ní oṣù kọkànlá 2020. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní oṣù kẹta 2021. Benin wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó lò ó ní ọdún náà. Ní oṣù kejìlá 2023, ó gba ìwé ẹ̀rí kíkún. Ṣé kò lè yí padà mọ́ ni? Rárá o. Ní ibi díẹ̀ tí òògùn kò kárí, ó ti yí padà. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Kò sí ìwé tí àwọn onímọ̀ lè kọ tí yóò rọ́pò ìlẹ̀kùn tí ẹ̀yin fúnra yín ṣí fún àwọn tó ń kán òògùn.

Ìdáhùn fún ìyá

Ìyá, ẹ béèrè ìdí tí wọ́n fi tún padà wá. Ìdáhùn nìyí. Òògùn ti tẹ́lẹ̀ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ẹ̀ẹ̀kan kì í tó ara ọmọ, gẹ́gẹ́ bí kíláàsì ọjọ́ kan kò ti kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìwé. Àti pé òògùn tí wọ́n ń fún ọmọ ní ilé ìwòsàn láti 2016 kò ní oríṣi kejì ti àkánsẹ́nu nínú mọ́. Bí wọ́n bá rí oríṣi kejì ní àyíká wa, wọ́n ní láti wá kán èyí tó bá a mu sí ọmọ lẹ́nu. Wọ́n sì ní láti kárí, kí ìwé náà má bàa rí ilé tí wọn yóò ti dà á kọ.

Ohun tí a ó ṣe kò pọ̀:

1. Ẹ gbé ọmọ lọ gba òògùn àkánsẹ́nu nígbà tí ẹ bá bí i, àti ní ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14. Ẹ má jẹ́ kí abẹ́rẹ́ pólíò náà fò ó. Ẹ mú káàdì ọmọ lọ. Ẹ̀yin fúnra yín lè kà á báyìí.

2. Bí àwọn tó ń ti ilé dé ilé bá dé, ẹ gbé gbogbo ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún jáde, kódà bí wọ́n ti gbà á rí.

3. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ìgbẹ́ àti kí ẹ tó jẹun. Ẹ wa ṣáláńgá. Ẹ bo omi mímu.

4. Bí apá tàbí ẹsẹ̀ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 bá rọ lójijì, ẹ sáré sọ fún ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà. Wọn yóò gba ìgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ọjọ́ 14 tó pé. Ẹ má tijú, ẹ má bínú. Inú ìgbẹ́ yẹn ni wọn yóò ti ka lẹ́tà.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ni àgbà. Ìwé kíkà tí ẹ kọ́, kì í ṣe nítorí lẹ́tà àti ìdìbò nìkan. Ọmọ tí ń rìn lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wà lára èrè rẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Kí Ọlọ́run dá ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa sí.

Ẹ jẹ́ ká jọ rò ó ní kíláàsì

1. Lẹ́tà mélòó ni a fi kọ ìwé fáírọ́ọ̀sì? Mélòó ni ọ̀rọ̀ kan?
2. Ní ọ̀nà wo ni sẹ́ẹ̀lì fi jọ kọ̀ǹpútà? Ní ọ̀nà wo ni wọ́n fi yàtọ̀?
3. Ẹ wá ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́ta tí àmì kan ń yí ìtumọ̀ wọn padà. Ẹ kọ wọ́n sójú pátákó.
4. Kí ló ń jẹ́ kí òògùn tó jẹ́ ọ̀lẹ padà di alágbára? Kí ni abúlé wa lè ṣe sí i?
5. Ọmọ mélòó ní àdúgbò yín ni káàdì rẹ̀ kò pé? Ta ni yóò bá àwọn òbí wọn sọ̀rọ̀, lọ́jọ́ wo?